Láti Òkè-Òkun Dé Màlété

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí ọdún 2022, mo dúró sí Post Office ní Ìlọrin, mo fi fáìlì kan há abíyá, mò ń retí ọkọ̀ Màlété. Àwọn ọ̀dọ́ ló kún ibẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, kálukú gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ọkọ̀ dé tí mo gbé ẹsẹ̀ láti wọlé, awakọ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ìyá, ẹ rọra o. Ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ lọ wò ní súkúùlù ni?"

Mo ní, "Rárá o, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ wọ ilé-ìwé."

Ó kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Nígbà tó rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Háà, Ìyá! Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ kà á já o." Gbogbo èrò ọkọ̀ ṣe àmín. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí bá mi gba fáìlì náà lé itan kí n lè ráyè tún ìró mi ró.

Ọmọ ọdún 47 ni mí nígbà náà. Tíṣà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nígboro Ìlọrin, láti ọdún 1998 ni mo sì ti gba oyè àkọ́kọ́. Bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá ní Ṣàó, ìlú àwọn ọlọ́dún Àwọ́n, níbi tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ti ń lọ sílé ọkọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kan ń yí lọ́kàn mi. Ta ló gé ọ̀nà yìí kúrú? Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé lẹ́tà kan wà nínú àpótí bàbá mi.

Ọdún 1966 ni bàbá mi gba oyè àkọ́kọ́ tirẹ̀. Ó kọ̀wé sí yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òun fẹ́ wá kàwé sí i. Ní 1967 ni wọ́n fèsì pé àwọn gbà á. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Kwara lónìí sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀. Ọdún yẹn náà ni bàbá tó bí bàbá mi jáde láyé, ó fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ tí wọ́n ṣì wà nílé-ìwé. Owó oṣù bàbá mi nìkan ló ń wọ ilé. Ó ka lẹ́tà náà, ó ká a, ó fi í sínú àpótí, ó padà sí kíláàsì rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ màrààrún ló kàwé. Kò sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn fún wa rí. Ìyá wa ló fi í hàn mí nígbà tí èmi náà parí yunifásítì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti Ìlọrin.

Ẹni tó bá rò pé òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ́ wa pé ìwé ń bẹ lẹ́yìn ìwé, onítọ̀hún ò mọ Ìlọrin. Láti ayé Ṣéù Àlímì, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni àwọn onímọ̀ ti ń wá tẹ̀dó síbẹ̀ láti ilẹ̀ Haúsá, ilẹ̀ Núpé àti ibòmíràn. Ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ lórí wàláà, á máa ké kéwú títí á fi ka Kùránì já. Wọ́n á ṣe wòlímọ́ fún un, wọ́n á sè, wọ́n á rọ̀, wọ́n á dá aṣọ tuntun fún un. Ọ̀pọ̀ á dúró síbẹ̀, wọ́n á gba oko tàbí ìdí òwò lọ. Àmọ́ àwọn kan wà tí wòlímọ́ ò yó. Àwọn wọ̀nyí á tún lọ bá àáfà mìíràn tó mọ òfin ẹ̀sìn tàbí gírámà Lárúbáwá ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á máa sìn ín, wọ́n á máa kàwé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Kò sí fọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sì sí owó fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àáfà tuntun ò ní ṣàì bèèrè: "Lọ́dọ̀ ta lo ti kàwé?" Orúkọ olùkọ́ ni ìwé ẹ̀rí. Bí ọmọ bá sì ka ìwé kan já, olùkọ́ lè fún un láṣẹ pé kó máa fi í kọ́ ẹlòmíràn, á sì to orúkọ àwọn tí ìmọ̀ náà gba ọwọ́ wọn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn, a ó tún padà bá a níwájú.

Ẹ wo Ṣéù Ádámù Al-Ilory. Ọdún 1917 ni wọ́n bí i. Lẹ́yìn tó ti kàwé lọ́dọ̀ oríṣiríṣi olùkọ́, ó gbéra ní 1946, ó forí lé ilẹ̀ Íjíbítì. Ní 1952 ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ kò lóǹkà. Ohun tó wá lọ, ó gbé e wálé.

Ní ti ìwé òyìnbó, òkun ni ọ̀nà. Ní 1827 ni àwọn míṣọ́nárì ìjọ CMS dá Fourah Bay College sílẹ̀ ní Freetown, Àjàyí Crowther sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàwé níbẹ̀. Ó di 1876 kí wọ́n tó so ó pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè gba oyè. Henry Carr, ọmọ Èkó, gba tirẹ̀ níbẹ̀ ní 1882. Ẹ ṣàkíyèsí pé oyè àkọ́kọ́ ni mò ń sọ o. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kó wọkọ̀ ojú omi.

Àwọn tí kò rówó ọkọ̀ dá ọgbọ́n mìíràn. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbà kí ẹni tó wà nílé rẹ̀ máa kàwé fúnra rẹ̀, kó ṣèdánwò, kó sì gboyè. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: nílé níbí ló ti ka ìwé ìṣòwò, tó gba oyè B.Com. ní 1944, kó tó wá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ kọ́ òfin. Ẹ fojú inú wò ó, ọkùnrin tó ní ìyàwó àti ọmọ, tó ń ṣòwò, tó ń bá ìjọba fa wàhálà, tó tún ń tan àtùpà kàwé lóru!

Ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College ní Èkó ní 1934, àmọ́ wọn ò fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ní oyè yunifásítì rárá. Inú bí àwọn èèyàn wa. Ó di 1948 kí yunifásítì kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104, Lọ́ńdọ̀nù náà ló sì ń fún wọn ní oyè. Ìbàdàn ni ọmọ ń sùn, Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé ẹ̀rí ti ń bọ̀.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mí jù ni Nathaniel Akínrẹ̀mí Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta. Ó kọ ìwé ńlá nípa bí àwa Yorùbá ṣe ń gbé ayé wa, ẹbí, ilé, oyè, ìgbéyàwó, ẹ̀sìn, òwò. Lọ́ńdọ̀nù ló ti kọ ọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lé e lórí ní 1940. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 1944, ó kú. Ìwé náà wà nílẹ̀ di 1970 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní Ìbàdàn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ọ̀rọ̀ nípa ilé wa kò fi délé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òpìtàn dé. Kenneth Dike, ọmọ Awka, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950. Sàbúrì Bíòbákú gba tirẹ̀ ní 1951 lórí ìtàn Ẹ̀gbá. Adé Àjàyí tẹ̀ lé wọn ní 1958. Ní 1964, obìnrin kan, Bọ́láńlé Awẹ́, gba tirẹ̀ ní Oxford. Kí ni iṣẹ́ tó ṣe? Bí Ìbàdàn ṣe di alágbára nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún! Ẹ gbọ́ ná: ìtàn Ìbàdàn, Oxford ni wọ́n ti gbà á wọlé, Oxford ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mi ò fi àwọn àgbà yìí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn gan-an ló padà wálé wá kọ́ àwọn tó kọ́ wa. Àwọn ló jẹ́ kí ayé gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu arúgbó náà lè di ẹ̀rí nínú ìwé ìtàn.

Ní 1962, Ìbàdàn gba òmìnira tirẹ̀ lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí fúnni ní oyè lórúkọ ara rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni yunifásítì Ifẹ̀, ti Èkó àti Ahmadu Bello ní Zaria bẹ̀rẹ̀. Ní 1971, Wándé Abímbọ́lá gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yunifásítì náà fún ní irú oyè bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ó ti kọ́kọ́ lọ sí Amẹ́ríkà fún oyè kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan oyè ọ̀mọ̀wé, tó jẹ́ pé lórí ẹsẹ Ifá ni, ilé ló ti gbà á. Ní 1982, ó di gíwá yunifásítì Ifẹ̀.

Ọ̀nà ti ń kúrú díẹ̀díẹ̀. Ní 1975 ni yunifásítì dé Ìlọrin, lábẹ́ Ìbàdàn. Ní 1977 ó dá dúró. Mo rántí pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí bàbá mi bá gbé wa kọjá níbẹ̀, á dín eré ọkọ̀ kù, á wo ibẹ̀ díẹ̀, á tún máa lọ. Kí ló dé tí òun náà ò kúkú wọlé nígbà náà? Ìbéèrè tí mo bi ìyá wa nìyẹn. Ó ní, "Èwo ni kó ṣe? Ó ti di ẹ̀yin ló kàn." Àwa ọmọ mẹ́fà ló ń tọ́ nígbà yẹn. Nígbà tó sì di 1986 tí ìjọba gbé ètò SAP dé, náírà jábọ́, owó tíṣà ò ra nǹkan mọ́, àwọn olùkọ́ yunifásítì pàápàá ń di ẹrù wọn lọ sí ìlú òyìnbó. Ọ̀nà tó ti ń kúrú tún bẹ̀rẹ̀ sí gùn.

Ní 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Kwara, nígbà tí Bùkọ́lá Sàràkí jẹ́ gómìnà, dá Kwara State University sílẹ̀ ní Màlété, ní ìjọba ìbílẹ̀ Moro. KWASU ni gbogbo ayé ń pè é. Ìlú tó jẹ́ pé iṣu, àgbàdo àti gbágùúdá la mọ̀ ọ́n mọ́, ó di ibi tí ọlọ́kadà ti ń gbé púrófẹ́sọ̀. Gíwá àkọ́kọ́ ni Púrófẹ́sọ̀ AbdulRasheed Na'Allah, ọmọ Ìlọrin, ẹni tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà. Ọkùnrin yìí náà ló kọ odindi ìwé kan lórí dàdàkúàdà, orin tí Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú àti Jáígbadé Àlàó fi ń dá wa lára yá níbi ìyàwó. Ẹ ò rí nǹkan! Òun náà kọjá òkun, ó sì padà wá sí ẹ̀yìn Ṣàó.

Ó dáa, ọ̀nà ti kúrú. Ṣé ẹnu ọ̀nà wá ti fẹ̀ ni? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ẹni tó bá fẹ́ ka oyè kejì ní orílẹ̀-èdè wa, á kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà báyìí. Wọ́n á bèèrè èsì ìdánwò oníwèé mẹ́wàá rẹ̀, ìwé ẹ̀rí oyè àkọ́kọ́, àti ìwé pé ó ti ṣe àgùnbánirọ̀, iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1973. Gbogbo ìyẹn wà lọ́wọ́ mi. Ohun méjì ló kù tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé. Èkíní ni ìwé tí wọ́n ń pè ní transcript, tó ní gbogbo máàkì rẹ láti ọdún kìíní dé ìparí; wọn kì í fi í lé ẹ lọ́wọ́, yunifásítì tó o ti jáde ló ń fi í ránṣẹ́ sí èyí tó o fẹ́ wọ̀. Èkejì ni àwọn ẹlẹ́rìí, olùkọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí yóò kọ̀wé pé àwọn mọ̀ ọ́, pé o lè ṣe é.

Oṣù kìíní ọdún 2022 ni mo sanwó transcript ní yunifásítì tí mo ti jáde, tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì, àwọn olùkọ́ yunifásítì, ẹgbẹ́ ASUU, da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà da tiwọn sílẹ̀ lẹ́yìn wọn. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni ASUU tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù mẹ́jọ! Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, àgádágodo ni mo ń bá. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì ọdún tiwa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọkọ̀ lọ síbẹ̀ kí ìyá akọ̀wé àgbà kan tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì tó sọ pé, "Ẹ jẹ́ n wo yàrá ẹ̀yìn." Ó jáde pẹ̀lú eruku lórí gèlè, fáìlì mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin.

Ti ẹlẹ́rìí ńkọ́? Nínú àwọn olùkọ́ mi ayé ọjọ́un, ọ̀kan ti kú, ọ̀kan ti lọ sí Kánádà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, wọn ò mọ àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹnì kan ló kù, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rù ń bà mí nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn, torí pé ọdún 24 kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Baba yìí wò mí títí. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ lo kọ iṣẹ́ ìparí nípa ilé kéwú, tí mo ní kó o tún un kọ?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n ní, "Ṣé o ti tún un kọ?" Mo bú sẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Ìwé tí wọ́n kọ fún mi kò ju ojú ewé kan lọ. Àwọn náà ló júwe ọ̀rẹ́ wọn kan tó rántí mi, tó sì ṣe ẹlẹ́rìí kejì.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Àáfà Ìlọrin ayé àtijọ́ àti yunifásítì ayé òde òní, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bèèrè: lọ́dọ̀ ta lo ti kàwé? Ìwé kì í dá rìn. Èèyàn ló ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ní ayé Henry Carr, òkun ló dínà. Ní ayé bàbá mi, ebi àbúrò ló dínà. Ní tèmi, fáìlì inú eruku ni, ọpẹ́lọpẹ́ ìyá akọ̀wé yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ni lẹ́tà tèmi dé: wọ́n gbà mí láti ka oyè kejì nínú ìmọ̀ ìkọ́nilẹ́kọ̀ọ́. Bàbá mi ti lé ní 80, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Mo ka lẹ́tà náà sí wọn létí. Wọ́n ní kí n lọ gbé àpótí wá. Wọ́n fọwọ́ wá ti 1967 jáde, wọ́n ní kí n ka ìyẹn náà. Mo kà á. Wọ́n ní, "Wọ́n jọra." Wọ́n wá bi mí pé, "Báwo ni Màlété ṣe jìnnà tó sí ilé yìí?"

Mo ní, "Kò tó wákàtí kan, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọkọ̀ ojú omi fi ń ti Èkó dé Liverpool nígbà tiwa. Mo ti ka ọjọ́ rẹ̀ nígbà náà." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n bi ọ́ pé ta ló kọ́ ọ níwèé?"

Mo ní, "Wọ́n bi mí, Bàbá, mo dárúkọ àwọn olùkọ́ mi." Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà kò fàyè sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ mi ní A, B, D lórí ẹní nílé wa, ìyẹn ni mo ṣe ń kọ ọ́ síhìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba oyè àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ bèèrè transcript yín kí ẹ tó nílò rẹ̀. Ẹ má sọ àdírẹ́ẹ̀sì àwọn olùkọ́ yín nù, ẹ máa kí wọn lọ́dún, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ìwé nìkan. Ẹ kí àwọn akọ̀wé pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí ẹ ò mọ ẹni tí yóò wọ yàrá ẹ̀yìn fún yín. Ẹ̀yin àgbà tí lẹ́tà bíi ti bàbá mi sì wà nínú àpótí yín, bí ẹ bá lè rìn dé ibùdókọ̀, ẹ lọ. Bí awakọ̀ bá bi yín pé ṣé ọmọ yín lẹ fẹ́ lọ wò, ẹ sọ òótọ́ fún un. Àdúrà ló máa ṣe fún yín.